Ṣé ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣeé mọ̀ lára ń pọ̀ sí i lóòótọ́?

Àdùnní22

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ dá a rò mọ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo gba áàpù kan sórí fóònù mi, tó máa ń ké nígbàkigbà tí ilẹ̀ bá mì níbikíbi láyé. Lóru àná nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ké. Mo jí, mo wò ó, mo rí 4.7, mo tún sùn. Kò pẹ́, 5.1 dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oorun ti dá lójú mi pátápátá.

Mo wá ń ronú sẹ́yìn. Oṣù Kejì 2023, Tọ́kì àti Síríà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Mòrókò. Oṣù Kẹta 2025, Myanmar. Oṣù Keje 2025, Kamchatka ní Rọ́ṣíà, 8.8. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo rántí ni ti Àméníà, ní ìparí ọdún 1988. Bàbá mi gbé rédíò lé orí itan, wọ́n ní kí gbogbo wa dákẹ́, mo sì rí i tí ojú wọn yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún máa ń yípo kí n tó tún gbọ́ irú rẹ̀.

Àwọn kan ní àmì ìgbà ìkẹyìn ni. Àwọn kan ní ilẹ̀ tí ọmọ aráyé ń gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá sí i. Ṣé ó ń pọ̀ sí i ni?

Bàbá Ìbejì

Àdùnní, ó ń pọ̀ sí i, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ jẹ. Mo máa ń wo àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ USGS ti ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé sórí ayélujára. Nǹkan bí 20,000 ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n ń rí lọ́dún kan báyìí, ìyẹn bíi 55 lójúmọ́. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn kí ẹ wá fi wé e. Kò jọra rárá. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Olùkọ́-Físíìsì

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Iye tí ẹ dá yẹn tọ̀nà, mi ò ní bá yín jiyàn lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ohun tí wọ́n fi kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé apẹja kan ní àwọ̀n tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Ẹja ńlá nìkan ló ń bá a wálé. Ọmọ rẹ̀ wá ra àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ó da á sínú odò kan náà, ẹja kéékèèké kún inú ọkọ̀ rẹ̀ títí dé etí. Ẹni tó bá ń ka ẹja tó wálé nìkan máa ní odò yẹn ti pọ̀ lẹ́ja ju ti ayé bàbá lọ. Bó ṣe rí pẹ̀lú ìmìtìtì ilẹ̀ náà nìyẹn. Ní ọdún 1931, nǹkan bí 350 ibùdó tó ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ló wà ní gbogbo àgbáyé. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Amẹ́ríkà to ẹ̀rọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sí orílẹ̀-èdè púpọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lábẹ́ ilẹ̀. Bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ náà gbọ́ gbogbo ìmìtìtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ihò àwọ̀n ti ń kéré sí i.

Nítorí náà, tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá odò kún lẹ́ja, ẹja ńlá tí kò lè bọ́ nínú àwọ̀n méjèèjì ni ká kà. Ìmìtìtì tó bá tó 7, kò síbi tó ti wáyé láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Láti nǹkan bí ọdún 1900, tí a bá pín in dọ́gba, irú rẹ̀ jẹ́ 16 lọ́dún kan: 15 tó wà láàárín 7 sí 7.9, àti ẹyọ kan tó tó 8 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀. Ọdún 2010 ló pọ̀ jù láti bí àádọ́ta ọdún, wọ́n ka 23. Ọdún 1989, mẹ́fà péré. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó máa gun òkè lọ láìpadà.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ojú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi. Pẹpẹ àpáta ńláńlá ni, wọ́n ń sún lọ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún, wọ́n sì ń fi ara gbo ara wọn. Ibi tí wọ́n ti há mọ́ ara wọn ni agbára ń kó jọ sí, títí àpáta yóò fi já. Ìyára tí wọ́n fi ń sún kì í yí padà láàárín ìgbà ayé èèyàn kan.

Tí-N-Tí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Kí ni 7 yìí gan-an? Mo máa ń rò pé 6 àti 7 sún mọ́ra, bí ìgbà tí ọmọ gba 6 nínú 10 tí èkejì gba 7.

Olùkọ́-Físíìsì

Rárá o, àbúrò. Òṣùwọ̀n tí Charles Richter gbé kalẹ̀ ní 1935 ló bí èyí tí a ń lò lónìí, ó sì ní bó ṣe ń ka nǹkan. Bí o bá gun ìgbésẹ̀ kan, láti 6 sí 7, mímì tí ẹ̀rọ máa kọ sílẹ̀ di ìlọ́po 10, agbára tó tú jáde á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 32. Láti 5 dé 7, ó ti di ìlọ́po 1,000.

Bí o bá tún sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, iye wọn á máa di bíi ìlọ́po 10. Àwọn tó wà láàárín 6 sí 6.9 tó nǹkan bí 134 lọ́dún. Ti 5 lé ní 1,300. Ti 4, wọ́n fojú bù ú sí 13,000. Ìyẹn ni fóònù Àdùnní fi ń ké lóru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun, níbi tí ẹja nìkan wà.

Ẹyẹlé

Mo gbé fún ọdún mọ́kànlá ní ibi tí ilẹ̀ kì í sinmi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí, torí ọ̀rọ̀ tí Àdùnní lò, “tó ṣeé mọ̀ lára”, ibẹ̀ ni kókó wà lójú tèmi.

Mo wà nídìí omi, mò ń fọ abọ́, àjà kẹrin ni ilé mi. Nǹkan kan kàn gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kú!, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Omi inú bàsíà ṣe òrùka wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, ó ń ti àárín lọ sí etí. Mo dúró. Ẹni tó bá ti gbé níbẹ̀ pẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà láìmọ̀: ení, èjì, ẹ̀ta... Mo ka mẹ́jọ, ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀tún, ó ń bọ̀ sí òsì, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí fúnra rẹ̀. Iná tó so rọ̀ láàárín yàrá ń fì, nígbà tí ilé sì dúró tán, iná yẹn ò dúró, ó tún fì fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko.

Mo sáré wọ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀. Aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Mo ní, “Ẹ rí nǹkan?” Ó ní, “Nǹkan wo?” Kò mọ ohunkóhun. Ìmìtìtì kan náà, òpópónà kan náà. Èmi wà lókè, mo dúró sójú kan. Òun wà nísàlẹ̀, ó ń rìn.

Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n méjì fi wà. Ọ̀kan ń sọ agbára tó tú jáde lábẹ́ ilẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní. Èkejì, tí wọ́n ń fi orúkọ Mercalli pè, ń sọ bí ó ṣe rí lára àwọn èèyàn ní ibi kọ̀ọ̀kan, láti I dé XII. Nínú èkejì yẹn, II ni èyí tí àwọn díẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ nìkan mọ̀, pàápàá àwọn tó wà ní àjà òkè. Ẹ wo iye èèyàn tó ń gbé àjà òkè lónìí, kí ẹ fi wé ti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ lè mì bó ṣe ń mì tẹ́lẹ̀, kí àwọn tó ń mọ̀ ọ́n lára sì di púpọ̀.

Olùkọ́-Físíìsì

Ẹyẹlé, ẹ ṣeun gan-an. Mẹ́jọ tí ẹ kà yẹn, ìgbì méjì ni ẹ ń kà àárín wọn. Èyí tó kọ́kọ́ dé ń sáré ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n èkejì ló ń mi ilé. Ìṣẹ́jú àáyá kan láàárín wọn tó bíi kìlómítà 8. Ìmìtìtì yẹn máa jìnnà sí yín ní nǹkan bí kìlómítà 65.

Ẹyẹlé

Mọ́kànlá ọdún ni mo fi kà á, mi ò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ni mò ń wọ̀n.

Akínkanjú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn ohun kan. Láti ìgbà ti Alaska ní 1964, tó jẹ́ 9.2, ogójì ọdún kọjá tí kò sí èyí tó tó 9 níbì kankan. Lójijì, oṣù Kejìlá 2004, Sumatra, 9.1. Oṣù Kejì 2010, Chile, 8.8. Oṣù Kẹta 2011, Jàpáánì, 9.1. Ọdún méje péré. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹja kéékèèké, Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́. Ẹja ńlá tí ẹ ní ká kà ni. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Onísirò

Akínkanjú, ìbéèrè gidi nìyí, àwọn onímọ̀ fúnra wọn béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ti Jàpáánì. Peter Shearer àti Philip Stark tú àkọsílẹ̀ láti 1900 wò, wọ́n yọ àwọn ìmìtìtì atẹ̀lé kúrò (àwọn tí ìmìtìtì ńlá kan bí), wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n ṣe ṣù jọ kò ju bí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láìní ètò ṣe máa ń ṣù jọ lọ. Andrew Michael ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní 2011.

Mo mọ̀ pé kì í tètè wọlé síni létí, torí ọkàn wa fẹ́ kí nǹkan tí kò ní ètò máa wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wọn dọ́gba. Nígbà míì tí òjò bá ń ṣú, ẹ lọ dúró níbi tí eruku wà. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa, ẹ wo àwọn ẹ̀kán àkọ́kọ́. Mẹ́ta á kán sójú kan tí wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ibi tó fẹ̀ bí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á gbẹ fúrúfúrú. Kò sẹ́ni tó ń darí ẹ̀kán kankan síbẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò kékeré kan. Tí ìmìtìtì tó tó 7 bá jẹ́ 16 lọ́dún, àlàfo wọn á jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 23 tí a bá pín in dọ́gba. Tí ohunkóhun kò bá so wọ́n pọ̀, síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àǹfààní kan nínú mẹ́rin wà pé òmíràn máa dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí méjì bá tẹ̀ léra wọn báyẹn, gbogbo ayé á ní, “Ẹ ò rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀!” Àǹfààní kan nínú mẹ́rìnlá sì wà pé oṣù méjì á kọjá láìsí ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó ń kọ ìròyìn nípa oṣù méjì yẹn.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn 1964 tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kamchatka, 1952, 9.0. Chile, 1960, 9.5, òun ló tóbi jù nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ti wọ̀n rí. Alaska, 1964. Mẹ́ta láàárín ọdún méjìlá. Ẹni tó wà láyé ní 1965 ì bá ti búra pé ó ń pọ̀ sí i. Ogójì ọdún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Akínkanjú

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí 1965. Mi ò ronú kan ọ̀nà yẹn rí. Ti òjò náà, màá lọ wò ó fúnra mi.

Bàbá Ìbejì

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀rọ àti ìṣirò sílẹ̀. Òkú ńkọ́? Ní Tọ́kì àti Síríà, ó lé ní 50,000 èèyàn. Haiti ní 2010, ó lé ní 100,000. Àwọn èèyàn yìí kì í ṣe ẹja wẹ́wẹ́ tí àwọ̀n tuntun kó. Ẹ̀gbọ́n mi kan pàdánù ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé nínú ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ fún mi pé nǹkan kan ò yí padà, etí mi ò gbà á.

Olùkọ́-Físíìsì

Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Mi ò ní nǹkan kan ò yí padà. Ohun tó yí padà ni iye àwa tí a wà lórí rẹ̀, àti ohun tí a kọ́ sórí ara wa. Ní 1900, aráyé tó nǹkan bí bílíọ̀nù 1.6. Ní 2022, a di bílíọ̀nù 8. Ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti igbó nígbà yẹn ti di ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ àpáta tó ń já lábẹ́ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi Haiti wé Kamchatka ti 2025. Ti Haiti jẹ́ 7.0, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ààlà ni. Ti Kamchatka jẹ́ 8.8, agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 500 ti Haiti. Ṣùgbọ́n ti Haiti ṣẹlẹ̀ nítòsí Port-au-Prince, olú ìlú wọn, kò jìn nísàlẹ̀, bíríkì àti kọnkéré tí irin kò tó nínú rẹ̀ ló sì wó lu àwọn èèyàn. Ti Kamchatka wà nínú òkun, ní etíkun tí èèyàn ò pọ̀ sí.

Àwọn tó kú nígbà àtijọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ní 1556, ní Shaanxi ní Ṣáínà, wọ́n ní nǹkan bí 830,000 ló kú. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè alámọ̀, òkè náà sì ya lé wọn lórí.

Awakànga

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i. Mo fẹ́ yà díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, torí ibì kan wà tí ìdáhùn ìbéèrè Àdùnní ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo.

Ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, kó tó di 2009, ìmìtìtì tó tó 3 níbẹ̀ kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Ní 2014, wọ́n ju ti California lọ. Ní 2015, ó lé ní 900. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Àwọn èèyàn ń mọ̀ ọ́n lára, ògiri ilé wọn ń sán, ife ń já bọ́ lórí pẹpẹ. Oṣù Kẹsàn-án 2016, èyí tó wáyé nítòsí Pawnee dé 5.8.

Ohun tó fà á rèé. Nígbà tí a bá ń fa epo jáde níbẹ̀, omi iyọ̀ púpọ̀ máa ń bá a wá, nígbà míì omi yẹn á pọ̀ ju epo lọ fíìfíì. Kò ṣeé dà sódò, kò ṣeé dà sóko. Wọ́n á tún gbẹ́ kànga míì tó jìn gan-an, wọ́n á fi ẹ̀rọ tì í padà sínú ilẹ̀. Omi yẹn á máa wá ọ̀nà, á dé ibi tí àpáta ti là láti ayébáyé, tí ìwúwo ilẹ̀ tó wà lókè fún un pọ̀ ṣinṣin. Tí omi bá ti wọ àárín, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìfúnpọ̀ yẹn á dẹ̀, àpáta tó ti ń dúró de àyè láti ìgbà pípẹ́ á yọ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ èèyàn ni, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ kù, iye ìmìtìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àpáta tí pẹpẹ ńlá ń tì ò lè gbọ́ òfin ìjọba.

Kì í ṣe Oklahoma nìkan. Ní Groningen ní Netherlands, gáàsì tí wọ́n ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún mú kí ilẹ̀ máa rì, kó sì máa mì. Ti abúlé Huizinge níbẹ̀ ní 2012 kò ju 3.6 lọ, ṣùgbọ́n kò jìn nísàlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n dáwọ́ fífa gáàsì ibẹ̀ dúró. Ní Pohang ní Kòríà Gúúsù, iṣẹ́ fífa ooru abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iná mànàmáná ló ta ìmìtìtì 5.4 jí ní 2017. Ní Koyna ní Íńdíà, adágún tí wọ́n sé ni àwọn onímọ̀ ní ó fa ti 1967, 6.3.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí mo wà lára àwọn tó gbà pé omi tí a dà sísàlẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè iye omi tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ àti bí ó ṣe jìn tó. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Olùkọ́-Físíìsì

Awakànga, mo gba àtúnṣe yẹn tọkàntọkàn. Mo sọ̀rọ̀ gbogbo ayé lápapọ̀, mo gbàgbé àwọn tó ń gbé lórí ibi kan pàtó. Gbogbo 900 ti Oklahoma yẹn kò mú iye àwọn tó tó 7 láyé yí padà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tu ẹni tí ògiri rẹ̀ ń sán nínú.

Tí-N-Tí

Àwọn tó ń wá lọ́wọ̀ọ́wọ́ ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 mo rí i nínú ìròyìn pé erékùṣù Santorini ní Gíríìsì ń mì lójoojúmọ́.

Onísirò

Oríṣi méjì ni. Èyí tó tẹ̀ lé ìmìtìtì ńlá, iye rẹ̀ máa ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Fusakichi Omori ti Jàpáánì ló ti rí ìlànà yẹn láti 1894. Ti Santorini jẹ́ oríṣi kejì, kò ní olórí kankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ju 10,000 èèyàn lọ tó fi erékùṣù sílẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju nǹkan bí 5.3 lọ, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ní oṣù Kejì yẹn, òótọ́ ni pé ìmìtìtì pọ̀ sí i fún un.

Alàgbà K

Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti àmì ìgbà ìkẹyìn, torí mo rí i pé gbogbo yín ń yẹra fún un. Onígbàgbọ́ ni mí, mi ò sì fi pamọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1755, ọjọ́ àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, àwọn ará Lisbon, olú ìlú Pọtogí, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ilẹ̀ mì. Òrùlé wó lu àwọn tó ń gbàdúrà, iná àwọn àbẹ́là ran, omi òkun sì tún ya wọ ìlú. Àwọn tó kù ní òpin dé. Ó ti lé ní 260 ọdún. Ìgbàgbọ́ mi kò dúró lórí pé kí nọ́ńbà máa gòkè, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkú àwọn èèyàn dẹ́rù ba ọmọdé láti mú un wá sínú ilé Ọlọ́run. Àdùnní, ọmọ mi, sùn lóru.

Ẹyẹlé

Ẹ ṣeun, bàbá. Àdùnní, fún àwọn tó ń gbé níbi tó ń mì: bàtà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí gíláàsì ló máa ń gé ẹsẹ̀ lóru. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga, ẹ so ó mọ́ ògiri. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré lórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe sáré yẹn, àṣìṣe ni mo ṣe. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ dì í mú títí yóò fi dákẹ́.

Àdùnní22

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè dúpẹ́ tán. Mo ti yí áàpù náà padà sí 7 sókè. Ó di òru kẹta báyìí, kò tíì ké.

Àná, èmi àti ọmọ mi obìnrin jókòó, a ṣí àkọsílẹ̀ USGS tí Bàbá Ìbejì dárúkọ, a ń ka àwọn tó tó 7 lọ́dọọdún, ó ń fi bírò fa ilà sínú ìwé. A dé 1988. Mo ti ń retí pé ọdún yẹn máa pọ̀ gan-an, torí òun ni mo rántí jù nígbà èwe mi. Ilà méje péré ló fà. Mo ní kó wá ti Àméníà fún mi láàárín wọn. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, kò sí níbẹ̀.”

Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. 6.8 ni, kò tó 7. Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, àwọn ọmọdé wà ní kíláàsì, àwọn ilé ìwé wó. Ó ju 25,000 èèyàn lọ tó kú. Mo pe bàbá mi lórí fóònù lálẹ́, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ti àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ni wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní ká dákẹ́, àti pé nígbà tí wọ́n pa rédíò tán, wọ́n wá sí yàrá, wọ́n ka orí wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.